Fáálù Abẹ́ Àga

Agogo méjì ọ̀sán, oṣù kẹjọ, ní gúúsù Yorkton.
Àlìkámà ti gbó dé ibi tí kò lè dúró de ẹnikẹ́ni mọ́,
katakata ń wọ́ kẹ̀kẹ́ ọkà lẹ́yìn,
amúlétutù inú rẹ̀ sì ń mí sí mi lọ́rùn
bí ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ehoro bọ̀.

Mo yí bọ́tìnnì síbi àwọ̀ aró.
Ooru.
Mo yí i síbi pupa, kí n lè mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ ń gbọ́.
Ooru kan náà.
Dígí yí mi ká níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì;
mo di kùkúmbà tí wọ́n rẹ sínú ìgò.

Mo pa á, mo sọ̀kalẹ̀.
Bàbá máa ń wí pé: má fọwọ́ kan ohun tó wọ́n
kí o tó fọwọ́ kan ohun tó dọ̀tí.
Mo yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn àga. Ó ti di búrẹ́dì eruku.
Mo fi gbá táyà, gbàà, gbàà,
eruku èṣí bọ́ lé ti ọdún yìí lórí.
Mo ṣí iwájú, mo fẹ́ atẹ́gùn sí kọ̀ńdẹ́ńsà láti inú wá síta:
ìyàngbò jáde, ìyẹ́ jáde, labalábá mẹ́ta jáde,
ọ̀kan ṣì pé, bí ẹni pé ó kàn ń sinmi.

Ooru.

Bẹ́líìtì le dáadáa. Fíúsì kò jó.
Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń dún ká bí mo bá ti tàn án,
a jẹ́ pé òun kọ́ ni ọ̀lẹ.
Mo pe Lorne Thiessen. Ó gbé gééjì rẹ̀ dé,
ó so ó mọ́ páìpù méjèèjì, ó fún ojú pọ̀.
"Odarka, gáàsì yìí pé. Ó pé ju orí tèmi lọ."
Ó gbọ́wọ́ lé páìpù tó ń làágùn, tó tutù bí ọ̀pọ̀lọ́.
"Òtútù ń bẹ. Ó kàn ń pàdé nǹkan lójú ọ̀nà ni."

A dákẹ́. Àṣá kan ń rà bàbà lókè oko.
Ìgbà náà ni mo rántí rọ́bà dúdú méjì
tó ń gbé omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì gba abẹ́ àga,
nítorí oṣù kìíní, nígbà tí itọ́ máa ń dì kó tó kanlẹ̀.
Fáálù kan wà níbẹ̀, idẹ ni, kò tó àtàńpàkò.
Wáyà tó ń tì í ti já kí n tó parí ilé ìwé.
Lóṣooṣù karùn-ún, Bàbá á rá wọ abẹ́ katakata,
òun àti ẹ̀mú,
á sọ gbólóhùn kan lédè Ukraine tí kò jẹ́ kí n kọ́ rí,
á sì sé ọ̀nà omi náà.
Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ní í kọ irú rẹ̀ sílẹ̀?
Iye epo ló kọ, gbèsè báńkì,
ọjọ́ ìbí màlúù tí a ti tà.

Nígbà tí oṣù karùn-ún ọdún yìí dé,
Metro Hrynkiw ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà.
Kò sẹ́ni tó rá wọ abẹ́ ohunkóhun.

Mo dùbúlẹ̀. Àkékù koríko gún mi lẹ́yìn.
Mo yí i, ó kọ̀.
Mo yí i, ó ké.
Ìdajì ìyípo péré.
Lorne tó jókòó lókè kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀,
lẹ́yìn náà ó fi bàtà kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gòkè, mo ti ilẹ̀kùn.
Atẹ́gùn náà kọ́kọ́ rùn bí eku, ó wá rùn bí irin,
ó wá tutù.
Ọgọ́rùn-ún éékà ṣì ń dúró dè mí,
mi ò tíì fọwọ́ kan jíà.
Mo fa ìwé rẹ̀ yọ lápò ilẹ̀kùn,
mo wá ojú ewé tó ṣófo, mo kọ ọ́:

Oṣù karùn-ún. Fáálù. Abẹ́ àga, lọ́wọ́ òsì.
Ẹ̀mú ni kí o lò.
Bí ó bá kọ̀, bú u díẹ̀.